Ta Ni Ó Pa Wọ́n? Kíka Pátákó àti Òkúta Ìrántí Ìlú Colfax

Gbólóhùn méjì péré ló wà lára pátákó irin tí ìjọba ìpínlẹ̀ Louisiana, ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ nílùú Colfax ní 1950. Bí mo ṣe túmọ̀ wọn nìyí, mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò sì fi ata sí i: Ní ibí yìí ni Rògbòdìyàn Colfax ti ṣẹlẹ̀, nínú èyí tí ọkùnrin aláwọ̀ funfun mẹ́ta àti 150 nígírò ti di pípa. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1873, ló sàmì sí òpin ìṣèjọba burúkú àwọn alápò-kápẹ́ẹ̀tì ní Gúúsù. Ó parí. Ẹni tó ń fi mọ́tò kọjá lè rọra dúró, kó kà á tán, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Nǹkan bí àádọ́rin ọdún ni pátákó náà fi wà níbẹ̀ kí wọ́n tó hú u kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021.

Ìwé la sábà máa ń ṣàríwísí rẹ̀ níbí. Lónìí, irin àti òkúta ni mo fẹ́ kà bí ẹni ń kàwé, torí pé ìwé náà ni wọ́n: ẹnì kan ló jókòó kọ wọ́n, ó ṣa ọ̀rọ̀ kan, ó fi òmíràn sílẹ̀, ó sì mọ irú òǹkàwé tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Irọ́ tó wà lára pátákó Colfax, inú gírámà rẹ̀ ló sá pa mọ́ sí jù. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní olùwà àti àbọ̀ láyé ọjọ́sí, ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ẹ̀yin tí a ò jọ wà ní kíláàsì, ẹ má fòyà, kò le rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí a wà. Colfax jẹ́ ìlú kékeré létí odò tí wọ́n ń pè ní Red River, ní ìgbèríko tí òwú ti jẹ́ ọba nígbà kan. Òun ni olú ìlú Grant Parish. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ń pè ní káńtì, parish ni wọ́n ń pè é ní Louisiana. Ọdún 1869 ni wọ́n dá Grant Parish sílẹ̀, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó fòpin sí oko ẹrú. Wọ́n fi orúkọ Ulysses Grant, ọ̀gágun tó ṣẹ́gun àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ààrẹ, pe parish náà. Wọ́n fi ti igbákejì rẹ̀, Schuyler Colfax, pe ìlú. Ẹ ò rí nǹkan? Orúkọ ibẹ̀ gan-an ti jẹ́ ìrántí ogun kí ẹnikẹ́ni tó gbé òkúta kankan kalẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní 1873? Ìbò gómìnà tí wọ́n dì ní 1872 dàrú, ẹni méjì ló sì ní òun wọlé: William Pitt Kellogg tí ẹgbẹ́ Republican, àti John McEnery tí àwọn alátakò wọn. Ìjọba àpapọ̀ ti Kellogg lẹ́yìn. Àwọn aláwọ̀ dúdú, tí ẹ̀tọ́ ìdìbò ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́, ni ẹsẹ̀ tí ẹgbẹ́ Republican fi ń rìn ní Grant Parish. Nígbà tí àwọn tí Kellogg yàn sípò ṣẹ́ríìfù àti adájọ́ gba ilé ẹjọ́ Colfax, àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kó ara wọn jọ láti ṣọ́ ọ. Lára wọn ti jẹ́ ọmọ ogun rí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, wọ́n yìnbọn pa àgbẹ̀ kan, Jesse McKinney, nílé rẹ̀, níbi tó ti ń ṣe ọgbà yí ilẹ̀ rẹ̀ ká. Ìdílé púpọ̀ bá sá wọ Colfax.

Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ni 13 oṣù Kẹrin bọ́ sí lọ́dún náà. Àwọn aláwọ̀ funfun tó dira ogun dé lórí ẹṣin, wọ́n tó ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì gbé ìbọn àgbá kékeré kan lọ́wọ́. Christopher Columbus Nash, ẹni tó ní òun gan-an ni ṣẹ́ríìfù, ló ṣáájú wọn. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ kí àwọn obìnrin àti ọmọdé jáde, ìjà sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́ náà. Àwọn tó sá fún iná jáde, wọ́n pa nínú wọn. Àwọn tó juwọ́ sílẹ̀, wọ́n mú wọn, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn lálẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí ìjà ti parí. Levi Nelson wà lára àwọn tí wọ́n yìnbọn fún tí kò kú, òun náà ló sì wá jẹ́rìí nílé ẹjọ́.

Ìjọba àpapọ̀ fẹ̀sùn kan ènìyàn tó lé ní 90. Mẹ́sàn-án péré ló fojú balé ẹjọ́, mẹ́ta ni wọ́n dá lẹ́bi. Ní 1876, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé ẹ̀bi àwọn mẹ́ta náà, nínú ẹjọ́ tí gbogbo agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà mọ̀ sí Cruikshank. Ilé ẹjọ́ ní àtúnṣe kẹrìnlá inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ká lọ́wọ́ kò, kò ká ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé bí aládùúgbò rẹ bá pa ọ́ nítorí ìbò tí o dì, ọwọ́ ìpínlẹ̀ rẹ ni ẹjọ́ rẹ wà. Ẹ sì mọ ẹni tó wá ń ṣàkóso ìpínlẹ̀ láìpẹ́ sígbà náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ara pátákó wa. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni èyí tí mo pè ní rògbòdìyàn, "riot" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Yorùbá, bí o bá ní ìjà ṣẹlẹ̀, wọ́n á bi ọ́ pé láàárín ta àti ta. Bí o bá ní ogun jà, wọ́n á ní ogun ta ni. Ṣùgbọ́n rògbòdìyàn máa ń bẹ́ sílẹ̀ ni, bí ẹni pé ilẹ̀ ló dédé lanu. Òótọ́ ni pé ènìyàn lè dá rògbòdìyàn sílẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò fi dandan lé e pé kí o dárúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Ìwúlò rẹ̀ fún ẹni tó kọ pátákó nìyẹn. Ẹ wá fi wé ìpakúpa. Ọ̀rọ̀-ìṣe "pa" wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mọ́fíìmù tó wà láàárín sì ni èyí tó wà nínú ìsọkúsọ, ìjẹkújẹ àti ọmọkọ́mọ, mọ́fíìmù tó ń dá ohun tí wọ́n bá fi kún lẹ́jọ́. O ò lè sọ ìpakúpa kó má sí apani, kó má sí ẹni tí wọ́n pa, kí ìwọ tí o sọ ọ́ sì má ti sọ pé kò dára.

Àwọn kan máa ń sọ pé èdè ìgbà yẹn ni, pé bí gbogbo ayé ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Èmi tí mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí ìtumọ̀ padà, mi ò kó àlàyé bẹ́ẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n kò dúró níbí. Ní oṣù Karùn-ún 1873, kí oṣù kan tó pé lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ìwé ìròyìn Harper's Weekly gbé àwòrán kan jáde nípa àwọn tó ń palẹ̀ òkú mọ́ ní Colfax. Àkọlé rẹ̀ pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpànìyàn. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ti wà nílẹ̀ ní ọdún 77 ṣáájú pátákó. Àwọn tó kọ pátákó kàn bá a nílẹ̀ ni, wọ́n sì rékọjá rẹ̀.

Ẹ wá wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe. Rògbòdìyàn "ṣẹlẹ̀", àwọn ènìyàn "di pípa". Gẹ̀ẹ́sì ní irú gbólóhùn tó máa ń gbé ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan sí wá síwájú bí olùwà, tó sì máa ń jẹ́ kí olùṣe gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Yorùbá kò ní i. Nígbà tí mo kọ "di pípa" lókè yẹn, ẹ̀yin náà á ti gbọ́ pé ó há lẹ́nu. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, a ó ní "wọ́n pa wọ́n". Ṣé ẹ rí "wọ́n" àkọ́kọ́ yẹn? Arọ́pò-orúkọ lásán ni, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ó jókòó sípò olùwà, ó ń di àyè mú, ọmọdé tó bá sì gbọ́ ọ á béèrè pé àwọn wo ni "wọ́n". Lára pátákó Colfax, kò sí àyè tí ìbéèrè yẹn lè dúró sí. Ó tún wá so òkú mẹ́ta pọ̀ mọ́ òkú 150 lábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, bí ẹni pé ọwọ́ kan náà ló pa gbogbo wọn, bí ìgbà tí àgbàrá bá gbé ènìyàn lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ náà ní tiwọn. Apá kan jẹ́ "ọkùnrin aláwọ̀ funfun". Apá kejì jẹ́ "nígírò". Ní apá kìíní, ọkùnrin ni orí àpólà, àwọ̀ sì jẹ́ ẹ̀yán tó tẹ̀ lé e. Ní apá kejì, àwọ̀ ti jẹ ọkùnrin náà tán.

Gbólóhùn kejì ló wá burú jù lójú mi. Nínú rẹ̀, olùwà kan yọjú níkẹyìn: "ìṣẹ̀lẹ̀ yìí". Ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò ní olùṣe ti wá di olùṣe fúnra rẹ̀, iṣẹ́ rere ló sì ṣe: ó fòpin sí ìṣèjọba burúkú. Alápò-kápẹ́ẹ̀tì ni orúkọ ẹ̀gàn tí àwọn ará Gúúsù fún àwọn ará Àríwá tó wá bá wọn lẹ́yìn ogun, pé wọ́n kó ẹrù wọn sínú àpò tí wọ́n fi aṣọ kápẹ́ẹ̀tì rán, wọ́n sì wá jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn tó kú ní ilé ẹjọ́ Colfax kì í ṣe ará Àríwá. Àgbẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n. Ilẹ̀ tí wọ́n ti sìnrú ni wọ́n dúró lé. Ìtàn inú gbólóhùn náà kò tiẹ̀ péye: Kellogg ò kúrò lórí àlééfà lọ́dún 1873, ó wà níbẹ̀ títí di oṣù kìíní 1877, ọdún 1877 yẹn náà sì ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ dẹ́kun ṣíṣọ́ ilé ìjọba Louisiana. Pátákó ìtàn ni wọ́n pè é, ó sì ṣi ọdún rò nítorí kó lè rí nǹkan dúpẹ́ fún.

Òkúta kan wà tó ṣáájú pátákó yìí. Ní 1921, wọ́n gbé ọwọ̀n mábù gíga kan kalẹ̀ sí itẹ́ òkú Colfax. Ó kọ orúkọ àwọn aláwọ̀ funfun mẹ́ta náà síra: Stephen Decatur Parish, James West Hadnot, Sidney Harris. Ó pè wọ́n ní akọni. Ó ní wọ́n ṣubú nínú rògbòdìyàn Colfax, níbi tí wọ́n ti ń jà kí aláwọ̀ funfun lè máa jẹ́ ọ̀gá. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan sí wọn lẹ́nu o, bó ṣe wà lára òkúta nìyẹn. "Ṣubú" jẹ́ ọ̀rọ̀ ojú ogun. Òkúta náà kò sì pè é ní ogun, rògbòdìyàn ló pè é. Báwo ni jagunjagun ṣe ń ṣubú nínú rògbòdìyàn? Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ jẹ ọlá ogun láìsan gbèsè ogun, nítorí lójú ogun, ẹni tó pa ẹni tó ti juwọ́ sílẹ̀, ọ̀daràn ni.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní Colfax, ẹni tó ṣu kò gbàgbé. Ó ra òkúta, ó gbẹ́ ẹ, ó sì kọ ọ́ síta pé òun ṣu, pé ó sì dára bẹ́ẹ̀. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé mo gba ti òkúta 1921 ju ti pátákó 1950 lọ. Ìkà ni òkúta, kò purọ́ nípa ohun tí àwọn mẹ́ta yẹn ń jà fún. Pátákó gba ìtumọ̀ kan náà, ó wẹ̀ ẹ́, ó wọ̀ ọ́ láṣọ ìjọba, ó sì fi í síbi tí ọmọ ilé ìwé lè kà á bí ẹ̀kọ́. Èdè ọmọlúàbí ni wọ́n fi kọ ọ́. Èyí tó yẹ kí á máa bẹ̀rù nìyẹn.

Nǹkan tó ń dùn mí jù ni òǹkà yẹn, 150. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Iṣu là ń kà, àdó òògùn là ń kà. Orúkọ la fi ń mọ ènìyàn. Ẹnì kan lè ní kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ mọ orúkọ wọn lẹ́yìn ọdún púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wà ńlẹ̀! Ní 1875, ìròyìn tí àwọn ológun fi ránṣẹ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà dárúkọ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 81 tó kú ní Colfax, ó ní wọ́n ju àwọn mìíràn sódò, wọ́n sì sin àwọn mìíràn ní bòókẹ́lẹ́, ó wá fi àpapọ̀ wọn sí 105 ó kéré tán. Ọdún 75 kí pátákó tó dé ni àkọsílẹ̀ yẹn ti wà. Orúkọ mẹ́ta ti wà lórí mábù, orúkọ 81 wà nínú ìwé ìjọba, ẹni tó kọ pátákó sì mú òǹkà.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2023, tó pé ọdún 150 gééré, wọ́n ṣí òkúta ìrántí mìíràn ní Colfax. Gíránáìtì dúdú ni, orúkọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó kú sì wà lára rẹ̀. Àtọmọdọ́mọ Jesse McKinney àti àtọmọdọ́mọ ọ̀kan nínú àwọn tó kọlu ilé ẹjọ́ náà ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì kí wọn. Orúkọ ti wá bá orúkọ, òkúta ti wá bá òkúta. "Massacre", ìpakúpa, ni wọ́n ń pè é báyìí, bí àwọn ará Tulsa náà ṣe yí ọ̀rọ̀ wọn padà ní 2018, nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń múra ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ìṣẹ̀lẹ̀ 1921 yọ "riot" kúrò nínú orúkọ rẹ̀.

Síbẹ̀ mo ní ọ̀rọ̀ kan láti fi kún un. Ìpakúpa sọ ohun tí wọ́n ṣe sí àwọn ọkùnrin yẹn. Kò sọ ohun tí àwọn fúnra wọn ṣe. Nínú gbólóhùn rẹ̀, àbọ̀ ni wọ́n, ipò tí pátákó fi wọ́n sí tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí iná tó gba ilé ẹjọ́, olùwà ni wọ́n: wọ́n dìbò, wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n mú ìbọn, wọ́n ṣọ́ ilé ẹjọ́ ìjọba tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú lójú ogun ní Colfax lọ́jọ́ náà, bí a bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ òkúta 1921, àwọn ni. Nínú gbogbo òkúta ìrántí ogun tó wà káàkiri ìgbèríko Gúúsù Amẹ́ríkà, mélòó ló pe irú wọn ní akọni?

Àwọn kan ní híhú pátákó kúrò ń pa ìtàn rẹ́. Mi ò gbà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú fọ́tò, ó wà nínú ìwé, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á fún yín tán. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ láti máa fi ohùn ìjọba sọ̀rọ̀. Ọwọ̀n inú itẹ́ òkú ńkọ́? Èmi ò ní kí wọ́n wó o. Ibojì ni, ó sì ń jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀. Kí wọ́n kàn má jẹ́ kó dá nìkan sọ̀rọ̀ nínú itẹ́ òkú yẹn.

Bí wọ́n bá ní kí n kọ pátákó tuntun fún ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́, Yorùbá tí mo fi kọ́ yín náà ni mo máa kọ ọ́ sí, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀: "Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1873, àwọn aláwọ̀ funfun tó dira ogun, tí Christopher Columbus Nash ṣáájú wọn, kọlu ilé ẹjọ́ tó wà níbí. Àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ń ṣọ́ ọ nítorí ìbò tí wọ́n dì. Àwọn tó kọlù ú dáná sun ún, wọ́n pa àwọn tó ń jà, wọ́n sì pa àwọn tó ti juwọ́ sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ kankan kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀bi. Orúkọ àwọn tí a mọ̀ nìyí." Kò gùn ju ohun tí irin lè gbà lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ ló ní olùwà.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà káàkiri Amẹ́ríkà, mo mọ̀ pé irú àwọn pátákó yìí wà lọ́nà ibi iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá kọjá lára ọ̀kan, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá olùwà ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ẹni tí wọ́n dárúkọ àti ẹni tí wọ́n kà. Kí ẹ sì gbìyànjú kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ibi tó bá ti há yín lẹ́nu, ẹ tún ibẹ̀ kà dáadáa. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi. Mi ò ní fún un ní máàkì mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì máa kà á.